Òfin Ìyá Ẹfúnyẹmí lábẹ́ Àtíbàbà Ọba

Nílùú Òkè-Ọ̀pẹ láyé àtijọ́, abẹ́ àtíbàbà kan láàárín ọjà ni àwọn obìnrin tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ fún ọba ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá Ẹfúnyẹmí ni olórí wọn. Obìnrin gíga ni, ọrùn rẹ̀ kì í tẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í di méjì. Bó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín a pa ẹnu dé.

Lọ́dún kan, ìgbóná wọ ìlú. Ọba pàṣẹ pé kí ọjà tú, kí oníkálùkù jókòó sílé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn asínlẹ̀kẹ̀ gbé igbá ìlẹ̀kẹ̀ wọn relé. Ẹlòmíràn ń sín tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ẹlòmíràn ń sín in lábẹ́ igi ìṣin bí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń ṣeré yí i ká. Ìgbà yẹn ni Àwẹ̀ró, tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá jù láàárín wọn, bí ọmọbìnrin kan sójú ọ̀nà oko, wọ́n sì sọ ọ́ ní Abíọ́nà. Ọmọ náà ò mọ ibòmíràn ju ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń jí.

Nígbà tí ara ìlú tutù, tí ọjà tún kún, ọdún ọba ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọba fẹ́ wọ ẹ̀wù ìlẹ̀kẹ̀ tuntun jáde, kí ayé lè rí i pé ìlú òun ò parun. Ìyá Ẹfúnyẹmí kó gbogbo èyí tí wọ́n sín nílé jọ, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó wò ó títí. Apá kan le gbagidi, apá kejì dẹ̀ bí agbádá lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rù.

Ó ní, "Ṣé ọba la fẹ́ fi èyí wọ̀, àbí ère tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ lóko? Láti ọ̀la, kí gbogbo yín padà wá síbí. Ojú kan náà la ó ti sín in. Mi ò sì fẹ́ fojú kan ọmọ ọwọ́ kankan o. Ilé lọmọ ń gbé, àtíbàbà niṣẹ́ ń gbé."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, Abíọ́nà ò tíì já lẹ́nu ọmú."

"Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ń bẹ, Ìyá."

"Ó parí nìyẹn."

Kò parí rárá. Ìyá ọkọ ro ẹ̀kọ fún ọmọ, ọmọ pa ẹnu dé bí ìgbín tó wọ ìkarahun. Bí oòrùn bá ti kàn tàrí, Àwẹ̀ró a sáré relé lọ fún un lọ́mú, a sì mí hẹlẹhẹlẹ padà, nígbà tí gbogbo iṣẹ́ ti dúró dè é. Àkànjí ọkọ rẹ̀ ní òun ó gbé ọmọ lọ sóko. Abíọ́nà ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará oko kejì fi gbé àdá dé, wọ́n rò pé ẹkùn ló mú èèyàn. Àkànjí gbé e padà kí oòrùn tó ga.

"Àwẹ̀ró, gba ọmọ rẹ o! Kò sí ẹyẹ kankan mọ́ nínú oko mi, ṣùgbọ́n etí èmi náà ti di."

Sùúrù Ìyá Ẹfúnyẹmí tán. "Àwẹ̀ró, bí o bá tún fi ẹní rẹ sílẹ̀ lọ sílé, ẹní náà di ti ẹlòmíràn."

Gbogbo wọn mọ ohun tó sọ. Lórí ẹní yẹn ni ìyá Àwẹ̀ró ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì ń jókòó síbẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀, ìran rẹ̀ ló pàdánù.

Ní ọjọ́ kejì, orúnkún ìyá ọkọ wú, kò lè gbé ọmọ. Àwẹ̀ró pọn Abíọ́nà, ó sì wọ abẹ́ àtíbàbà wá. Ìyá Ẹfúnyẹmí na ìka sí i.

"Àwẹ̀ró, kí ni mo wí lánàá?"

"Ẹ ní n kò gbọdọ̀ fi ẹní mi sílẹ̀, Ìyá. Mi ò sì fi í sílẹ̀."

Ìbídùn, aláwàdà inú wọn, fi ìborùn dí ara rẹ̀ lẹ́nu.

Ìyá Ẹfúnyẹmí wo Àwẹ̀ró tìkà-tẹ̀gbin. "Ó dáa, jókòó. Ṣùgbọ́n ọmọ tìrẹ ni, kì í ṣe tèmi, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni níbí. Ẹni tó bá kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀ lọ fọwọ́ kàn án yóò bá a relé. Bí mo bá sì gbọ́ igbe rẹ̀, kí ìwọ náà gbé igbá rẹ, kí o máa lọ."

Abíọ́nà ò ké. Ó sùn. Àyà ẹ̀wù ọba ni Àwẹ̀ró ń sín lọ́jọ́ náà, níbi tí ẹyẹ ńlá kan ti na ìyẹ́. Okùn kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi eyín di ọ̀kan mú. Bó bá jọ̀wọ́ ẹyọ kan, ẹyẹ náà yóò tú ká sílẹ̀. Bó ti ń tẹ̀ síwájú ni ọ̀já ń yọ̀, títí orí ọmọ fi bọ́ síta, tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ìbẹ́pẹ tí igi rẹ̀ ò lè gbé.

Gbogbo wọn ló rí i àfi ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mira.

Ìyá Ẹfúnyẹmí náà rí i. Ó gbójú sókè wo òrùlé. Ó wo àwọn aláta tó wà lódìkejì. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Kì í ṣe ọmọ mi." Ojú rẹ̀ tún padà síbẹ̀, orí ọmọ sì ti wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọrùn òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun náà ti tẹ ọrùn, tí òun ń wo ayé ní ẹ̀gbẹ́.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bi í léèrè kó tó gbéra. Ó la àárín àwọn igbá kọjá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba orí ọmọ náà jẹ́jẹ́, ó tò ó, ó sì fa ọ̀já bò ó dáadáa. Abíọ́nà lajú, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó tún sùn lọ.

Àwẹ̀ró ò lè yíjú. Ó sọ ọ́ láàárín eyín pé, "Ta nìyẹn?"

Ìbídùn dá a lóhùn pé, "Ẹni tó ń bá ọ relé ni o!"

Ẹ̀rín bú jáde. Ìyá Ẹfúnyẹmí wúkọ́, wúkọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́. Nígbà tó yá, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Ó ní, "Mo jẹ̀bi. Ẹnu mi ló ṣòfin, ọwọ́ mi ò bá a mọ̀ sí i. Ẹ gbọ́, ojú àwa àgbà mélòó kan níbí ò rí ihò ìlẹ̀kẹ̀ mọ́, à kàn ń fi agídí jókòó ni. Kí ẹni tó bá ní ọmọ ọwọ́ máa gbé e bọ̀. Àwa la ó máa gbé wọn, ẹ̀yin ẹ sínlẹ̀kẹ̀. Bí ebi bá pa wọ́n, ọmú ò jìnnà."

Ọba wọ ẹ̀wù náà jáde lọ́jọ́ ọdún, ẹyẹ àyà rẹ̀ ń kọ mànà bí èyí tó fẹ́ fò. Àwẹ̀ró sì wà lórí ẹní ìyá rẹ̀ títí ó fi darúgbó. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ Ìyá Ẹfúnyẹmí ò jẹ́ kó sinmi. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé rẹ̀ ni wọ́n ti ń bi í pé báwo ni olófin ṣe rú òfin ara rẹ̀.

Èsì kan náà ló máa ń fún wọn: "Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Mo dàgbà, mo wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́ níṣojú mi. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gba ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n sọ ọ́ dòwe títí di òní, pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.