Ìdí Tí Pẹ́pẹ́yẹ Kò Fi Ní Ohùn Mọ́

Nígbà láéláé, Pẹ́pẹ́yẹ pa ọmọ méje fún Adìẹ. Kò mú ọ̀bẹ, kò mú kùmọ̀. Ẹnu ló fi pa wọ́n.

Nígbà náà, kò sí ẹyẹ tó lóhùn tó Pẹ́pẹ́yẹ. Ilé tí ọ̀fọ̀ bá ti ṣẹ̀, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè kó wá sunkún. Àṣà wọn sì ni pé ẹni tó wá kẹ́dùn ni yóò kọ́kọ́ mu nínú igbá omi onílé, kí àwọn ọmọ ilé tó mu ìyókù.

Lọ́jọ́ kan, Àṣá gbé ọ̀kan lọ nínú ọmọ mẹ́sàn-án tí Adìẹ ní. Pẹ́pẹ́yẹ dé. Ó sunkún títí ojú gbogbo ilé fi wú. Ó ti ẹnu bọ igbá, ó mu, ó sì gbé e fún àwọn ọmọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọrùn àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, méje ti kú. Ó ku ẹyọ kan, èyí tó ń sùn nígbà tí wọ́n ń gbé igbá kiri.

Pẹ́pẹ́yẹ tún dé, ara rẹ̀ ń dán.

"Ọ̀rẹ́ mi, pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ ìwọ náà, máa gbálẹ̀! Wò mí, orí lásán ò fọ́ mi rí."

Adìẹ ń gbé igbá omi bọ̀ nígbà tí Awó, aládùúgbò rẹ̀, figbe ta.

"Má gbé e fún un! Ó mu nílé tèmi náà, ọmọ mi ò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Mo sọ fún un pé àìsàn náà ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, kò kàn ń ṣe òun fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan ni. Mo ní kó má mumi nílé ọlọ́mọ mọ́."

"Èmi tí ara mi le koko yìí?" Pẹ́pẹ́yẹ bú sẹ́rìn-ín. "Àìsàn tí mi ò ṣe, ṣé màá wá kó o ran ẹlòmíì? Jọ̀ọ́, Awó, lọ jókòó."

Adìẹ ò rẹ́rìn-ín. "Awó, ìgbà wo lo sọ fún un?"

"Ó ku ọ̀la kí Àṣá gbé ọmọ rẹ."

Adìẹ wo ẹyọ ọmọ tó kù. Ó fi ẹsẹ̀ da igbá nù.

"Wọ́n ti sọ fún ẹ, o tún wá. Kí ló dé?"

Pẹ́pẹ́yẹ ya ẹnu kó fi ẹkún bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ohùn ò jáde. "Hààà" nìkan ló ń dún.

Láti ọjọ́ náà ni Pẹ́pẹ́yẹ ò ti ní ohùn mọ́, tó kàn ń mi orí, tó ń mí hààà kiri àgbàlá. Àwọn kan ní ìtìjú ló gba ohùn lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Adìẹ ò gbà. Ó ń ṣá a lẹ́nu títí dòní:

"Mi ò ní kó o sunkún. Wọ́n sọ fún ẹ! Kí ló dé tó o fi mu? Dá mi lóhùn!"