Olóyè Láníyọ̀nù Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ha Bátìrì

Olóyè Láníyọ̀nù, tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù, kó bátìrì mẹ́rin wá fún fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wa, ó ní tuntun ni. Ó ní kí Sàlámọ̀tù tó ń tọ́jú fíríìjì náà fọwọ́ sí ìwé ẹrù náà lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sàlámọ̀tù rí i pé wọ́n ti fi ọ̀dà bo ibi tí wọ́n ń tẹ ọjọ́ tí wọ́n ṣe bátìrì sí. Kò bá a jà. Ó kàn kúnlẹ̀ lójú dókítà ilé ìwòsàn wa ni, ó ní, "Ó mà ṣe o, Bàbá Olóyè. Tuntun máa ń gbóná jù fún fíríìjì wa. Èyí tó ti sinmi pẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí là ń wá." Olóyè ní, "Ta ló sọ pé tuntun ni?" Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó ha ọ̀dà náà kúrò. "Wò ó, ọdún márùn-ún gbáko ló ti ń sinmi lọ́dọ̀ mi." Dókítà ka ọjọ́ náà sókè. Sàlámọ̀tù na bírò sí Olóyè: "Ẹ bá wa kọ ọjọ́ náà sínú ìwé ẹrù yìí, Bàbá, kí n lè fọwọ́ sí i." Kí oòrùn tó wọ̀, Olóyè ti kó bátìrì tuntun gidi wá, fíríìjì ń kùn, àwa ìyá ọmọ sì mí kanlẹ̀.