Kókó Tó Di Ṣówándé Mú

Ìtàn yìí ṣẹlẹ̀. Bí irọ́ ẹyọ kan bá wà nínú rẹ̀, kí ọ̀nà jíjìn tó gbé e wá má gbé ẹni tó ń sọ ọ́ padà sílé mọ́.

Ní abúlé kan létí ọ̀sà, bàbá arúgbó kan wà tó ń jẹ́ Ṣóyẹmí. Àwọ̀n ló ń hun, àwọ̀n náà ló sì ń tún ṣe fún àwọn apẹja. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Àyìnkẹ́, ló kọ́ níṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kí ó tó jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan òwú, ó kọ́kọ́ kọ́ ọ bí a ti ń mí. Láràárọ̀, àwọn méjèèjì á wọ omi dé àyà, wọ́n á dúró bí lékeléke tó ń ṣọ́ ẹja. Wọ́n á fa èémí sínú títí yóò fi dé ìsàlẹ̀ ìdodo, apá wọn á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Bí èémí bá ti ń jáde, apá náà á rọra máa sọ̀ kalẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ Àyìnkẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́, á dà bí ẹni pé èèrà ń rìn ní ìka rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì wúwo nínú ẹrẹ̀ bí igi tó ta gbòǹgbò.

"Ọwọ́ ti jí nìyẹn," bàbá rẹ̀ á wí. "Ọwọ́ tó jí ló ń tú àwọ̀n tó lọ́. Ọwọ́ tó ń bínú, kókó ló ń ta lé kókó."

Ṣówándé, ọkọ Àyìnkẹ́, kò rí ọgbọ́n kankan nínú èyí. Ọkùnrin tó ń dá nìkan wọ́ ọkọ̀ jáde kúrò nínú omi ni. Ilẹ̀kùn tó bá há, ẹsẹ̀ ló fi ń ṣí i.

"Ìyá Mosún," á bi ìyàwó rẹ̀, "ṣé ẹ̀fọn ni ìwọ àti Bàbá ń lé ni, àbí ẹ̀ ń bá omi jó?"

"A ń mí ni, Bàbá Mosún."

"Ewúrẹ́ náà ń mí. Kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ."

Àyìnkẹ́ á rẹ́rìn-ín, á lọ máa hun àwọ̀n rẹ̀. Ó ní irú kókó kan tí ìdílé wọn ń ta: bí ẹja bá ṣe ń jà tó, bẹ́ẹ̀ ni kókó náà ń le sí i.

Lọ́jọ́ kan, tọkọtaya náà gbé àwọ̀n tuntun lọ sójú omi. Oṣù mẹ́ta ni Àyìnkẹ́ fi hun ún. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó o, ó ti kọ́ mọ́ kùkùté kan nísàlẹ̀ omi.

"Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó ná," ni Àyìnkẹ́ wí.

Ṣùgbọ́n Ṣówándé ti bẹ́ sómi. Ó dúró lórí ìtì igi tó rì, omi mù ún dé àyà, ó sì gbá àwọ̀n náà mú, ó fà á tagbára-tagbára. Àwọ̀n yí po, ó sì wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀, kókó le. Ó tún fà á, ó tún le. Ó yọ ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un kiri nínú omi dúdú, ọ̀bẹ bọ́ sínú ẹrẹ̀. Bẹ́ẹ̀ omi òkun ti ń rú wọ ọ̀sà. Kò pẹ́, omi dé èjìká rẹ̀.

Àyìnkẹ́ figbe ta. Àwọn apẹja méjì gbọ́ ọ, wọ́n sì gbé Bàbá Ṣóyẹmí sínú ọkọ̀ wọn wá. Wọ́n di Ṣówándé mú lábíyá, wọ́n fà á sókè. Ó ké bí ẹran, omi sì pọ́n lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn yọ ọ̀bẹ.

"Fi í sílẹ̀," ni Àyìnkẹ́ wí. "O ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹsẹ̀ lo máa gé."

Òun fúnra rẹ̀ wọ omi lọ. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ìka rẹ̀ gan bí igi, kò sì rí ojú kókó kan mú tí èémí fi tán. Ó yọrí sókè, ó ń wúkọ́. Omi ti dé àgbọ̀n ọkọ rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. "Àyìnkẹ́, ibo ni èémí rẹ wà?"

"Ọ̀fun ni, Bàbá."

"Mú un lọ sílé."

Ó di etí ọkọ̀ mú, ó pa ojú dé. Ó dẹ èjìká, ó fa èémí dé ìsàlẹ̀ ìdodo, ó sì tú u jáde pẹ̀lẹ́.

"Àyìnkẹ́, ṣe kíá, mo ń kú lọ," ni Ṣówándé ń wí.

"Ẹ má fa ẹsẹ̀ yẹn mọ́, Bàbá Mosún. Ẹ bá mi mí."

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ìyàwó rẹ̀ ti ń mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dẹ̀. Nígbà tí èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ìka Àyìnkẹ́, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó rì.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ ló ń ríran. Ó mọ kókó wọ̀nyẹn, òun ló ta wọ́n. Ó ti òwú sẹ́yìn díẹ̀, èkíní tú. Ó tún ti òmíràn, èkejì tú. Kò kánjú sí ẹ̀kẹta. Ìgbà tí ẹ̀kẹrin tú, ẹsẹ̀ yọ jáde. Omi ti bo imú Ṣówándé nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì jọ yọrí sókè ni, àwọn apẹja sì hó yèè títí ẹyẹ etí omi fi fò lọ. Àyìnkẹ́ rọra tú àwọ̀n náà kúrò lára kùkùté, wọ́n sì kó o pẹ̀lú. Òwú kan kò já nínú rẹ̀. Àpá ibi tí wọ́n ti fà á ló kù sí Ṣówándé lẹ́sẹ̀ títí ayé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èèyàn mẹ́ta ló dúró nínú omi.

"Àna mi," ni Bàbá Ṣóyẹmí wí, "ṣé ẹ̀fọn lò ń lé ni?"

"Mo ń mí ni, Bàbá."

Ó pẹ́ kí bàbá náà tó kú. Ó gbó, ó tọ́, ó rí ọmọ Mosún. Lọ́jọ́ tó lọ, tọmọ-tàna dì í lọ́wọ́ mú, Ṣówándé sì fẹ́ fún ọwọ́ náà pọ̀ kí ó má baà lọ. Bàbá wò ó, ó mí síta pẹ̀lẹ́, ó ní: "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko." Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.