Àkùkọ Tó Fẹ́ Kí Wọ́n Fi Òun Kọrin

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fìrì, ó balẹ̀ gbì, orí Àkùkọ ló bà lé.

Ní ìlú àwọn ẹranko, kò sí ẹni tó ní àgbàdo tó Àkùkọ. Àká rẹ̀ kún dẹ́nu. Lọ́dún kan, òjò rọ̀ rọ̀ rọ̀, omíyalé wọ ihò Òkété, ó sì gbá gbogbo oúnjẹ rẹ̀ lọ ráúráú. Opó ni Òkété, ọmọ méje ló ní. Ebi dé!

Ewúrẹ́ gbé iṣu wá kíákíá, torí omi ti wó ilé tirẹ̀ náà rí. Pẹ́pẹ́yẹ gbé ẹ̀wà wá, torí Òkété ló bá a tọ́jú ọmọ nígbà tí ara rẹ̀ kò yá. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń gba ọrẹ jọ wá kanlẹ̀kùn Àkùkọ.

"Bàbá, ẹ ṣàánú àwọn ọmọ Òkété."

Àkùkọ yí ọrùn kọ́lọ́kọ́lọ́. "Inú ihò ló ń gbé! Bí mo bá fún un, ta ló máa mọ̀? Àwọn tó ń kọ́ ẹnu ọ̀nà ààfin ni mo fún níjẹta, wọ́n sì fi mí kọrin."

Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín sínú. "Àwa náà á kọrin, bàbá. Gbogbo ìlú ló máa gbè é."

Ara Àkùkọ yá gágá. Ó bu apẹ̀rẹ̀ kan. Ọ̀kẹ́rẹ́ pe ará ìlú jọ, ó lé orin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbè é!

Ta ló kó àgbàdo wá o?
*Àkùkọ ni, kó-ró-kò!*
Ta logbe rẹ̀ pọ́n bí iná?
*Àkùkọ ni, kó-ró-kò!*
Ta ni yóò tún bu apẹ̀rẹ̀ kan?
*Àkùkọ ni, kó-ró-kò!*

Háà! Orí Àkùkọ wú. Ó na ìyẹ́, ó jó, ó sáré wọ àká, ó tún bu òmíràn. Wọ́n kọrin, ó bù. Wọ́n kọrin, ó bù!

Àgbébọ̀ ìyàwó rẹ̀ pariwo: "Baálé mi, ẹ rọra o!"

"Dákẹ́, orin ń dùn!"

Ìgbà tí apẹ̀rẹ̀ ha ilẹ̀ àká ṣìì, orin dá. Àwọn ará ìlú dúpẹ́, wọ́n ru àgbàdo lọ fún Òkété, wọ́n sì túká.

Lọ́jọ́ kẹta, ebi ń pa àwọn òròmọdìyẹ Àkùkọ, wọ́n ń ké fíó fíó. Àkùkọ lọ bá Òkété, ó dúró lẹ́nu ihò, ó ń fẹsẹ̀ họ ilẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí Òkété fi rí i pé ó ti rù.

"Ẹ wọlé, bàbá. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ó bu àgbàdo kún apẹ̀rẹ̀ fún un.

Àkùkọ wolẹ̀. "Ìyá, ṣé kí n pe ìlú kí wọ́n wá fi yín kọrin?"

Òkété bú sẹ́rìn-ín, ó rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Orin kẹ̀? Ebi ń pa ọmọ, ẹ ń sọ̀rọ̀ orin! Ẹ tètè máa lọ."

Ojú ti Àkùkọ, inú rẹ̀ sì dùn. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló gbà délé, kò tilẹ̀ kọ.

Ibi tí àlọ́ mi rìn dé rèé, ó ti jókòó. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ fúnni ní nǹkan, ìyà tó ń jẹ ẹni náà ni kí ẹ wò, ẹ má wo ẹni tó máa yìn yín.