Ẹ Bá Mi Sọ̀

Ọkùnrin kan wà tó ń ru pákó níbi ìlagi. Ọrùn Irin ni wọ́n ń pè é. Láàárín àwọn tó ń ru pákó níbẹ̀, wọ́n máa ń gbé ẹrù ru ara wọn, àmọ́ tó bá di sísọ̀, kálukú á fi ọrùn ju tiẹ̀ sílẹ̀ ni. Ẹni tó bá pe èèyàn pé kó wá bá òun sọ̀, ọ̀lẹ ni. Ọrùn Irin ló ń jù ú jìnnà jù. Ogún ọdún ló fi ṣe é, ó sì ń fi yangàn.

Nígbà tó yá, ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le láràárọ̀. Tó bá fẹ́ wẹ̀yìn, gbogbo ara ló ń yí. Ó ní àárẹ̀ lásán ni. Lọ́jọ́ kan tó ń jẹun, òkèlè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ìbídùn, kí ló ṣe ọwọ́ yín?"

Ọwọ́ náà ti kú, kò mọ̀ pé òun di nǹkan mú. Ẹ̀rù bà á gan-an, torí ọwọ́ yẹn ló fi ń bọ́ ilé.

Àwọn ẹbí ní aráyé ló ń ṣe é. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kó jẹ́ kí òun já ọrùn náà fún un kó dún. Ìyàwó rẹ̀ fárígá, ó ní ilé ìwòsàn ni àwọn ń lọ.

Wọ́n ya fọ́tò egungun ọrùn rẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú oríkèé níbẹ̀ wò ó, ó ní, "Bàbá, làkúrègbé ọrùn ni. Ohun tó dà bíi tìmùtìmù láàárín eegun yín ti gbó, ó wá ń fún iṣan ọwọ́ yín pa. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, àmọ́ pákó tí ẹ ń jù ló bà á jẹ́ jù. Kò ní padà di ti ọmọdé mọ́, ṣùgbọ́n a ò ní jẹ́ kó borí yín."

Ó fún un lóògùn. Ó ní kó máa fi aṣọ gbígbóná lé ọrùn náà, kó sì dín ìrọ̀rí tó ń gbórí lé kù. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa yí ọrùn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ sàn, ó ní pákó méjì péré ni kó máa rù, kò sì gbọdọ̀ jù ú láé.

Ọjọ́ tó padà síbi iṣẹ́, ó ru méjì dé ibi tí wọ́n ń tò ó sí, ó dúró. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ̀!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Olórí wọn ní, "Ṣé irin ti dípẹtà ni?"

Ojú tì í, àmọ́ kò jù ú. Ó tún kígbe pé, "Ẹ rẹ́rìn-ín tó bó ṣe wù yín! N kò ní jù ú. Ẹ bá mi sọ̀!"

Kò sẹ́ni tó mira, àfi èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tí kò lè yí ọrùn tiẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ó fi gbogbo ara yí, ó wá di orí pákó mú. Nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ tán, ó ní, "Tí mo bá ru tèmi dé, ìwọ náà wá bá mi sọ̀." Olórí wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹrù ilé bàbá rẹ ni ò ń dá rù láti ọjọ́ yìí, ò ń dá a jù, o sì ń pe ìyẹn ní agbára. Ó tó gẹ́ẹ́. Dúró gbọn-in, kí o ké sí àwọn ará ilé rẹ. Bí wọ́n bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, tún ké sí wọn. Ọrùn tìẹ ni, kì í ṣe tiwọn.