Àmù Àwẹ̀ró Lẹ́bàá Ọ̀nà

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Mosún, kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èyí tó wà lẹ́nu mi lálẹ́ yìí dùn jù, n ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ń sáré bọ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó yà sílé ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró.

Ní ìgbà kan rí, Ìkookò fi agbára jọba lórí ènìyàn àti ẹranko. Ó sọ ọgbà yí odò ká, ó ní ààfin nìkan ni yóò máa mu ún. Àwọn ará ìlú wá ń rin ọ̀nà jíjìn kí wọ́n tó rí omi pọn.

Tẹ́lẹ̀, kò sí ilé tí kì í gbé àmù omi sẹ́bàá ọ̀nà fún ẹni tó ń kọjá. Nígbà tí ìlú le, kálukú gbé àmù rẹ̀ wọlé, ó tilẹ̀kùn. “Ẹ káàárọ̀” pàápàá di ohun ọ̀wọ́n.

Àwẹ̀ró nìkan ni kò gbé tirẹ̀ wọlé. Òkété, aládùúgbò rẹ̀, ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Ìyá, ṣé àmù yín ló máa lé Ìkookò kúrò lórí oyè ni?”

Àwẹ̀ró ní, “Kò lè lé e. Òùngbẹ ló máa lé.”

Ọ̀rọ̀ dé etí ọba, inú bí i. Ó pe àwọn ìjàlọ, ó ní kí wọ́n lọ sílé tí àmù wà níta, kí wọ́n bu onílé jẹ títí yóò fi sá kúrò nílùú.

Mosún ní, “Màmá, ṣé ó sá?”

Fara balẹ̀ jàre. Arúgbó wo lo rí tó ń sáré?

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé, wọ́n bo ọ̀nà dúdú. Àwẹ̀ró rò ó nínú ara rẹ̀. Níbo ni òun máa forí lé ní ọjọ́ ogbó? Ṣùgbọ́n ó rí i pé ètè wọn ti gbẹ. Kó tó béèrè iṣẹ́ tí wọ́n bá wá, ó bu omi sínú igbá, ó gbé orin:

Àlejò, ẹ kú ìrìn o.
Omi ń bẹ, ẹ mu.
Ẹni tó rán yín ò fún yín lómi.
Omi ń bẹ, ẹ mu.

Ẹ gbè é dáadáa, àbí ẹ ò jẹun yó ni?

Wọ́n mu, wọ́n mu, wọ́n mu. Ìdajì wọn kò tíì fẹnu kan nǹkan tí àmù fi gbẹ. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọ́n ń gun ẹnu ọ̀nà bọ̀. Àwẹ̀ró fi igbá ha ìdí àmù. Kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ni ilẹ̀kùn Òkété bá dún kẹ̀rẹ̀. Ó ń yí àmù tirẹ̀ jáde, ojú ń tì í. Ó ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n mu tèmi.”

Ilẹ̀kùn kejì ṣí. Ìkẹta ṣí. Ènìyàn ń gbé àmù jáde, ẹranko ń gbé àmù jáde, wọ́n ń kí ara wọn bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, olórí ìjàlọ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, “Ilé kan ṣoṣo tí àmù wà níta ni wọ́n rán wa sí. Níbí, gbogbo ilé ni. A ò mọ èyí tí à ń wá.”

Ó mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ọmọ. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ìkookò ṣì wà lórí oyè o, n ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ilé tó tún gbé àmù wọlé mọ́. Ohun tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé bó ti wù kí ìjọba le tó, ká má jẹ́ kí oore tán láàárín àwa àti aládùúgbò wa.

Ibi tí mo gbé igbá àlọ́ kalẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá bu omi là á, kí òùngbẹ gbẹ mí dàárọ̀. Bí n kò bá sì parọ́, ẹ wo àwọn ìjàlọ, àlejò wa, bí wọ́n ti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí wọ́n ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí oòrùn ti ń yọ, tí ẹnikẹ́ni kò bu Àwẹ̀ró jẹ.