Àwọn Ọwọ́ Inú Ògiri Eléwúro

"Kó ẹrù ẹ kúrò lórí ilẹ̀ bàbá mi, Ìyá Mákindé. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Olóyèdé ló ń sọ̀rọ̀. Ó ń fi ọwọ́ kan lu àyà níwájú gbogbo ará abà Eléwúro. Awẹ́ró, ìyá Mákindé, kò dìde lórí àpótí tó jókòó lé. Ọkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Oko kan ló fi sílẹ̀ fún òun àtọmọ, oko yẹn gan-an ni Olóyèdé fẹ́ gbà. Ó ní bàbá òun nìkan ló tẹ abà náà dó, pé àlejò ni gbogbo àwọn yòókù, àlejò tí ọkọ ẹ̀ bá sì ti kú, kó gba ilé bàbá ẹ̀ lọ.

Irọ́ ni, àmọ́ ta ni yóò já a? Àáró ni wọ́n fi dá Eléwúro sílẹ̀: wọ́n á kọ́lé lágbájá lónìí, wọ́n á kọ́ ti tàmẹ̀dù lọ́la. Gbọ̀ngàn ìpàdé abà ni wọ́n jọ kọ́ gbẹ̀yìn. Àwọn tó ṣe é ti kú tán. Bàbá Ògúndìran ló dàgbà jù níbẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n sì pọ̀n ọ́n wá. Gbogbo ohun tó mọ̀ kò ju pé àwọn àgbà fi àmì àwọn tó tẹ abà dó sí gbọ̀ngàn. Kò mọ ibi tó wà.

Awẹ́ró bá wo ògiri gbọ̀ngàn. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, àwọn obìnrin ló ń fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìyàwó wá, ọwọ́ ẹ̀ máa ń rì sínú àwọn ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ìyá ọkọ ẹ̀ ní kí wọ́n má dí i. Àwọn ìyàwó ilé fẹ́ kí ògiri dán, wọ́n dí i.

"Ẹ jẹ́ ká ha ibí yìí, Bàbá," ló sọ fún Olóyèdé. "Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, mo ti lọ nìyẹn."

Olóyèdé rẹ́rìn-ín. "Ẹ ha á. Bí ẹ bá rí àmì ẹlòmíì yàtọ̀ sí ti bàbá mi, èmi ni n ó ru amọ̀ tí ẹ máa fi tún un rẹ́."

Ìkarahun ìgbín ni Awẹ́ró fi ń ha á. Amọ̀ ń já bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ọkàn ẹ̀ ti ń lọ sí ẹrù tó máa dì. Ìgbà náà ni ìka kan yọ. Nígbà tó yá, àtẹ́lẹwọ́ odindi yọ, ẹnìkan ti tẹ̀ ẹ́ sínú amọ̀ tútù láyé àtijọ́. Làwọn tó kù bá bá a ha á. Ọwọ́ ọkùnrin, ọwọ́ obìnrin, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ. Ọ̀kan kò ní àtàǹpàkò.

"Bàbá ọkọ ẹ nìyẹn," Bàbá Ògúndìran wí. "Àdá ló gé àtàǹpàkò ẹ̀. Mo mọ ọwọ́ yẹn dáadáa, ó ti gbá mi létí rí."

Awẹ́ró ti ọwọ́ tiẹ̀ bọ inú ẹ̀. Ẹkún àti ẹ̀rín gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ti bàbá Olóyèdé náà á wà níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè mọ èwo ni.

Olóyèdé gbé agbọ̀n lọ sí kòtò amọ̀ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó bu amọ̀ kún un dẹ́nu. Ó gbé e, kò kọjá orúnkún. Ó tún gbé e, amọ̀ dà lé e lẹ́sẹ̀. Gbogbo abà káwọ́ gbera, wọ́n ń wò ó.

"Fi ọwọ́ tó o fi ń lu àyà yẹn gbé e," Bàbá Ògúndìran wí. Ẹ̀rín sọ.

Awẹ́ró ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó di etí agbọ̀n kejì mú. "Ẹ tẹ orí yín ba, Bàbá." Wọ́n jọ gbé e lé e lórí.

Àtọjọ́ náà làwọn àgbà Eléwúro ti ń wí i, táwọn abà yòókù sì gbà á lẹ́nu wọn, pé àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Awẹ́ró padà sóko ẹ̀. Olóyèdé ló ru amọ̀ náà títí ògiri fi dán, àmọ́ wọn ò dí àwọn ọwọ́ yẹn mọ́. Ọrùn ẹ̀ ló fi san gbèsè ẹnu ẹ̀.